Bí A Ṣe Ń Ra Ọkọ̀ Asáré Olówó Gọbọi, Tí A Sì Ń Yan Ohun Tí Yóò Wà Lára Rẹ̀

Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sórí ìkànnì fún ọkọ̀ asáré bí i Porsche 911 tàbí Ferrari 296 GTB, bóyá la fi rí ẹni tó san án bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ tẹ àwọ̀ tó wù yín, owó gòkè. Ẹ tẹ ìjókòó tó dára, ó tún gòkè. Kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ ojú-ewé, owó tó ti gun orí owó lè tó ra ọkọ̀ kékeré kan lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ tẹ̀ ni ẹ ò ní í rántí pé ó wà níbẹ̀ tó bá pẹ́ díẹ̀.

Ohun kan ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí a kò lè fi kún ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní ilé iṣẹ́ ni kí owó kọ́kọ́ lọ bá. Èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe fún yín lọ́la lè dúró dọ̀la. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tò, ẹ má sì fo èkejì, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

1. Ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti máa sáré

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí láìtan ara yín, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ṣé ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa wà á lọ síbi iṣẹ́, àbí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan? Ṣé yóò dé pápá eré ìje, ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún? Èèyàn mélòó ni yóò máa jókòó nínú rẹ̀? Báwo ni ọ̀nà tó wọ ilé yín ṣe dagun tó, báwo sì ni ẹnu ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí ṣe fẹ̀ tó? Ẹ mú okùn ìwọ̀n lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín máa ń fẹ̀ ju bí ojú ṣe rò lọ, dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tún ń nà síta.

Ìdáhùn yín ló ń yan ọkọ̀. Ẹ wo 911 oríṣi méjì. Carrera ń lo ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 tó ní tọ́ọ̀bò méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì; bí ẹ bá fẹsẹ̀ kan án díẹ̀, ó ti lọ, kò dìgbà tó bá ń pariwo. GT3 ti ìran 992 (nọ́ńbà tí Porsche fi ń pe ìran 911 ti ìsinsìnyí) ń lo lítà 4.0 tí kò ní tọ́ọ̀bò rárá, ó sì ń yípo títí dé 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Òkè ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ní ojú títì gbalasa, ẹni tó wa GT3 kì í pẹ́ dé ibi tí ẹ́ńjìnnì náà ti ń kọrin, àmọ́ òfin ìwakọ̀ á ti fò sẹ́yìn nígbà yẹn. Ẹni tí kò ní lọ sí pápá eré ìje lọ́dún kan, tó wá lọ ra GT3 torí orúkọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa sọ fún un ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun. Carrera S tí wọ́n fara balẹ̀ yan àfikún rẹ̀ á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà náà ṣe pàtàkì. Ti 911 wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjá ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù fún ìjókòó kékeré méjì lẹ́yìn awakọ̀ nínú Carrera, tí táyà ẹ̀yìn sì fi ń di ilẹ̀ mú bí a bá ń gbéra. Corvette gbé tirẹ̀ láti iwájú wá sí àárín nígbà tí ìran C8 dé, ìyẹn àwòṣe ọdún 2020. Àárín náà ni ti Ferrari 296 GTB àti àwọn McLaren wà. Irú wọn máa ń yí kíákíá bí ẹ bá ti fọwọ́ kan sítíárìn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rí ẹ̀yìn dáadáa, ẹrù díẹ̀ ni wọ́n sì gbà. 296 GTB tún ní mọ́tò iná pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V6 rẹ̀, agbára ẹṣin 830 lápapọ̀, a sì lè fi iná nìkan wà á fún nǹkan bí kìlómítà 25. Ẹni tó ń jáde nílé ní ìdájí yóò mọ rírì ìyẹn, àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà yóò sì dúpẹ́.

2. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ kó pẹ́

Ìṣẹ́jú méjì nínú ọkọ̀ ní ilé ìtajà kò tó nǹkan kan. Ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí ẹ wọ irú bàtà tí ẹ óò máa fi wakọ̀. Ẹ na ọwọ́ sókè sítíárìn: ọrùn ọwọ́ ló yẹ kó balẹ̀ sí i, kí èjìká má kúrò lára ìjókòó. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Bí pápá eré ìje bá wà nínú ètò yín, ẹ gbé àṣíborí eré ìje dání, kí ẹ dé e, kí ẹ wò bóyá orí kan òrùlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ní ìdajì, bí ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn bá fún yín mọ́ ògiri, kí ẹ wá jáde. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ ohun tí ìjókòó oníkáábọ́ọ̀nù jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ síwá-sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ó sì le. Ó fúyẹ́, ó ń di awakọ̀ mú ní kọ́nà, ara ẹlòmíràn sì gbà á ju ìjókòó oníbọ́tìnnì lọ. Ara ẹlòmíràn kò gbà á rárá. Kò sí ẹni tó lè fẹnu sọ èyí fún yín, ìdí yín ni yóò sọ ọ́. Fún ìrìn gígùn, èmi á dábàá ìjókòó tí Porsche ń yí ní ọ̀nà 18, torí ẹ lè fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra tàbí kí ẹ tú u sílẹ̀.

3. Tuntun ni àbí àlòkù?

Ẹni tí kò tíì ní ọkọ̀ asáré rí, àlòkù ọdún méjì sí mẹ́rin ni mo máa ń dábàá. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti ru ẹrù owó àfikún, torí àfikún kì í mú owó rẹ̀ padà wá bí ara ọkọ̀ ṣe ń mú un wá. Ẹ óò sì lè wà á fún ọdún kan, kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, kí ẹ tó pàṣẹ tiyín.

Tuntun dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá, tó sì ní sùúrù. Àwọn ọkọ̀ tí wọn kì í ṣe púpọ̀ kì í sí nílẹ̀. Ìpín ni wọ́n ń pín wọn fún díìlà, díìlà á sì wá yan ẹni tí yóò fún. Ibi tí ọ̀ràn owó lé-lórí ti ń wọlé nìyí, tí wọ́n ń béèrè ju iye ilé iṣẹ́ lọ. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe lójoojúmọ́ kò yẹ lẹ́ni tó ń san owó lé-lórí fún. Ẹ dúró. Láàárín ọdún kan tàbí méjì, àwọn tí ojú ń kán á ti máa tà á.

4. Ẹ bá díìlà sọ̀rọ̀ lórí ìwé

Ọ̀rọ̀ ẹnu dùn, ṣùgbọ́n ìwé ni kí ẹ gbà. Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá owó náà ṣeé gbà padà, títí di ìgbà wo, àti pé àyè tí wọ́n fún yín jẹ́ ti ọkọ̀ pàtó, kì í ṣe pé orúkọ yín wà lórí ìlà lásán. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yóò ti ìlẹ̀kùn àtúnṣe. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lè pààrọ̀ àwọ̀ àti àfikún. Bó bá ti kọjá, ohun tí ẹ kọ ni ẹ óò gbà.

Lórí ìkànnì Porsche, bí ẹ bá ti ṣètò ọkọ̀ tán, wọ́n á fún yín ní kóòdù kan tí díìlà lè tẹ̀ kó rí ohun tí ẹ yàn. Ẹ fi pamọ́. Nígbà tí díìlà bá tẹ ìwé àṣẹ jáde, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àfikún kan péré tó yàtọ̀ lè sọ òwú pupa tí ẹ fẹ́ di eérú.

5. Yíyan ohun tí yóò wà lára rẹ̀

*Èyí tí kò ṣeé fi kún mọ́.* Gíà ló ṣáájú. GT3 wà pẹ̀lú gíà kílọ́ọ̀ṣì méjì tó ń yí fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PDK, oníbi 7, tàbí gíà àfọwọ́yí oníbi 6. PDK yára jù ú lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gíà àfọwọ́yí ti ń ṣọ̀wọ́n: nínú ọkọ̀ tuntun tí Ferrari, Lamborghini àti McLaren ń tà, kò sí i mọ́, Corvette C8 náà kò sì ní in. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ra àlòkù fi ń wá 911 onígíà àfọwọ́yí kiri. Bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì, ẹ mú un. Bí ẹ bá ń wọ àárín ìlú lójoojúmọ́, PDK kò ní í dùn yín.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè. Lórí 911, ó ń gbé iwájú sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 40 bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, kí bọ́ńpà má fi ilẹ̀ jẹ. Tí ẹ bá ti gun òkè ilé yín pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì fi ibẹ̀ pamọ́ sínú ọkọ̀, ti ìran 992 á máa rántí ibẹ̀, á sì máa gbé imú fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo àfikún, òun nìkan ni mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kábàámọ̀ pé òun rà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ yóò máa gbọ́ ohùn bọ́ńpà lórí kọnkéré, kò sì sí mẹkáníìkì tó lè fi kún un lówó pọ́ọ́kú.

Táyà ẹ̀yìn tó ń yí pẹ̀lú ti iwájú, ìdúró tó rẹlẹ̀, táǹkì epo ńlá: ẹ̀ka yìí kan náà ni wọ́n wà. Ẹ mú táyà ẹ̀yìn tó ń yí, ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ yí níbi tó há, ó sì ń jẹ́ kó balẹ̀ bí eré bá pọ̀. Ìdúró tó rẹlẹ̀ lórí Carrera ẹ fi sílẹ̀, àfi bí ọ̀nà yín bá tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́.

*Bíréèkì.* Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Bíréèkì káábọ́ọ̀nù onísẹ̀rámíìkì fúyẹ́ tó ìdajì ti irin, kì í tètè rẹ̀ bó bá gbóná, kì í da eruku dúdú sára wíìlì, ìpáta kì í sì í ràn án. Lórí Porsche, ẹ óò fi àwọ̀ yẹ́lò tó wà lára ẹ̀rọ tó ń fún un mọ̀ ọ́n. Ní ojú títì nìkan, ó lè pẹ́ tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní pápá eré ìje, ó ń jó tán, iye owó tí wọ́n á sì kà jáde fún ẹ̀dà tuntun máa ń mú èèyàn jókòó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń lọ sí pápá déédéé fi ń ra ti irin, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ bàtà.

Ewu mìíràn wà tí wọn kì í sábà sọ fún oníbàárà. Etí bíréèkì náà tètè ń fọ́: bí ẹni tó ń yọ táyà bá jẹ́ kí wíìlì já lé e lórí, etí rẹ̀ á fọ́, bíbàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pá ike méjì wà nínú ẹrù irinṣẹ́ Porsche tí a ń wé sí ihò bóòtù, kí wíìlì lè yọ́ jáde gẹ̀rẹ́ láìkan ohunkóhun. Ibikíbi tí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín lọ fún táyà, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀pá yẹn. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ wakọ̀ yín jáde.

*Wíìlì àti táyà.* Wíìlì oníbóòtù kan ṣoṣo ní àárín rẹwà, eré ìje ni wọ́n ti mú un wá. Ṣùgbọ́n ti GT3 ń fẹ́ agbára ìyípo 600 Nm láti dè é, àti irinṣẹ́ gígùn tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ mọ ìyẹn kí táyà tó fọ́. Ní ti táyà, irú bí i Michelin Pilot Sport Cup 2 ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tútù tàbí nínú òjò, kò ṣeé fi ọkàn tán. Táyà ojú títì lásán ló yẹ ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín níbi àfikún.

*Inú ọkọ̀.* Awọ ẹran tó bo ìjókòó, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn, òwú tí wọ́n fi rán an, ìwọ̀nyí kò ṣeé pààrọ̀ láìná owó gegere, nítorí náà ẹ fi ọkàn sí wọn. Awọ funfun tàbí ti ẹyin máa ń gba àró sókótó jíǹsì tuntun, ó sì máa ń ṣòro fọ̀. Sítíárìn tí wọ́n fi Alcantara, aṣọ onírun rírọ̀ tó jọ awọ, bò rọ̀ lọ́wọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ á mú un dán bí orí apárí, àfi bí ẹ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi díẹ̀ gbé irun rẹ̀ dìde déédéé. Ti awọ ẹran dídán ni mo fara mọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń dẹ́rìn-ín pa mi. Porsche á kun ọ̀dà sí ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde fún yín, á fi awọ bo ìbòrí oòrùn tó wà lókè orí, á tún rán àpò kọ́kọ́rọ́. Bó bá wù yín, owó yín ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra á lọ́jọ́ iwájú kò ní í fi kọ́bọ̀ kún un torí ihò atẹ́gùn.

*Àwọ̀.* Ẹ má fi ojú kọ̀ǹpútà yan ọ̀dà. Ẹ ní kí díìlà gbé pátákó ọ̀dà gidi wá, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìbòjì, kí ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́. Àwọ̀ búlúù kan wà tó ń di dúdú bí oòrùn bá ti wọ̀. Bí àwọ̀ inú ìwé kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Porsche ní ètò Paint to Sample, Ferrari ní Tailor Made, Lamborghini ní Ad Personam, McLaren ní MSO. Owó wọn ga, ìdúró wọn sì gùn, ṣùgbọ́n òun ni àfikún tí mo gbà pé ó tọ́ láti ná owó sí lẹ́yìn tí gíà àti ìjókòó bá ti yanjú, torí ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa rí i. Ọ̀dà tí kò dán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ha á, a kò lè fi ẹ̀rọ dán an. Gbogbo apá ibẹ̀ ni wọ́n á tún kùn.

Fíìmù ìdáàbòbò ọ̀dà, kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀, páìpù èéfín tó ń dún jù, wíìlì kejì: gbogbo wọn ṣeé ṣe níta. Ẹ pa wọ́n rẹ́ kúrò lójú-ewé.

6. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dé egungun

Ẹ wá mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà gan-an, tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ rí, kí ẹ̀yin fúnra yín san owó rẹ̀. Bí olùtajà bá kọ̀ kí wọ́n gbé e sókè, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Kí mẹkáníìkì tó dé, ẹ lè ṣe púpọ̀ fúnra yín. Ẹ sọ fún olùtajà pé kó má tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan páìpù èéfín: tútù ló yẹ kó wà. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ń fi àìsàn pamọ́. Èéfín díẹ̀ nígbà tí 911 tó ti jókòó fún ọjọ́ mélòó kan bá jí kò burú, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, òróró díẹ̀ lè ṣàn síbi tí kò yẹ. Èéfín tí kò dáwọ́ dúró ni kó bà yín lẹ́rù.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìta ìjókòó awakọ̀, ibi tí itan ń họ nígbà tí èèyàn bá ń jáde. Bí òǹkà kìlómítà bá kéré, tí awọ ibẹ̀ sì ti gbó dé okùn, tí rọ́bà bíréèkì ti pá, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Ẹ wo ara táyà, níbi tí a ti kọ DOT: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà lára ọkọ̀ asáré, ẹ yọ owó tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì nípọn tó.

Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn kò wọ́n. Ẹ fi lé ara ọkọ̀ yíká, kí ẹ máa kọ iye sílẹ̀. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ máa ń súnmọ́ ara wọn láti apá kan dé èkejì, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150. Bí ilẹ̀kùn òsì bá ń sọ 120, tí ti ọ̀tún ń sọ 300, wọ́n ti kùn ún rí, kí ẹ béèrè ìdí. Ẹ ṣàkíyèsí pé fíìmù ìdáàbòbò náà ń mú nọ́ńbà ga, ẹ wá etí rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Ẹ ṣí bọ́ǹẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí bóòtù tó so ó mọ́ ara: bí ọ̀dà bá ti ha lára wọn, wọ́n ti tú u rí. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú. Ibẹ̀ máa ń ha díẹ̀ lára gbogbo wọn, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Èyí tó fọ́ ni ẹ kà mọ́ iye.

Ní ti Porsche, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yípo kọjá ààlà, tí a pín sí ipele láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ipele ìsàlẹ̀ lè jẹ́ pé awakọ̀ kan kàn ń gbádùn ara rẹ̀. Ipele òkè máa ń túmọ̀ sí pé ẹnì kan fẹ́ fi gíà sókè, ó wá fi sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ké. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì wo iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀: èyí tó ti pẹ́ gan-an, tí ọkọ̀ sì ti rìn jìnnà lẹ́yìn rẹ̀, kò dà bí ti àná.

Àwọn 911 ìran 996 àti Boxster (Porsche kékeré oníjókòó méjì) láti 1997, títí dé àwọn 997 àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe dé 2008, ní bíárìn IMS kan (ti ọ̀pá àárín tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) tó lè fọ́, tó sì ń ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́ bó bá fọ́. Ti Turbo àti GT3 ayé ìgbà náà yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n ní. Ẹ béèrè ìwé bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ìran yìí kan náà, ẹ ní kí mẹkáníìkì ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú sílíńdà, kó wò bóyá ògiri rẹ̀ ti ń ha. Èyí gba àkókò, ẹ fún un ní àkókò náà.

Ìwé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ fo ọdún kankan. Ọkọ̀ tó jókòó sínú ilé fún ọdún mẹ́ta láìrìn kò sàn ju èyí tó ń rìn lọ: òróró ń gbó, rọ́bà ń gbẹ, omi bíréèkì ń mu omi atẹ́gùn. Kìlómítà kékeré kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìròyìn ayọ̀.

7. Owó tí kò sí lórí ìwé

Ẹ béèrè iye adójútòfò kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì rí i pé wọ́n gbà láti san iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí bó bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n jí i, kì í ṣe iye tí wọ́n bá rò lọ́jọ́ náà. Àfikún tí ẹ san owó fún gbọ́dọ̀ wà nínú iye yẹn. Ferrari máa ń fi ìtọ́jú ọdún 7 kún ọkọ̀ tuntun. Lára àwọn ilé iṣẹ́ yòókù, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn tí ẹ óò máa pààrọ̀ ṣáájú ti iwájú.

8. Ọjọ́ tí ẹ óò gbà á

Ẹ ní kí díìlà má fọ ọ́. Kànrìnkàn wọn ló máa ń fa ìlà yíyípo sára ọ̀dà tuntun, ẹ óò rí i bí oòrùn bá ti tàn sí i. Ẹ gbà á ní ọ̀sán, níta. Ẹ mú ìwé àṣẹ dání, kí ẹ tún fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, lára ọkọ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Bí ohun kan bá ṣàìpé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń lẹ fíìmù ni kí ẹ gbà lọ tààrà, kí òkúta tó kan imú rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ara, ẹ bo bọ́ńpà iwájú, bọ́ǹẹ́ẹ̀tì, dígí ẹ̀gbẹ́, àti ìbàdí ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, torí táyà iwájú ló ń sọ òkúta lù ú níbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́ mélòó kan, ẹ ka ìwé ọkọ̀ náà, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tó sọ nípa ibi tí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ yípo kọjá. Ẹ máa yí eré padà lójú ọ̀nà, ẹ má fi ẹsẹ̀ sójú kan fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ẹ máa wo òǹkà ooru òróró, kì í ṣe ti omi nìkan, torí omi máa ń gbóná ṣáájú. Kí òróró tó gbóná, ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé òkè. Bí ọkọ̀ náà yóò bá sì jókòó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ so ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì mọ́ ọn, kí ẹ fi atẹ́gùn kún táyà díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tó kan ilẹ̀ má baà tẹ́.